AI kékeré tó ń gbé inú láptọ́ọ̀pù mi: oṣù mẹ́ta rèé tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ máàkì tí mo fún un kẹ́ ẹ má bàa máa wá a kiri nísàlẹ̀: 3.5 nínú 5. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí i, ṣùgbọ́n ó ti dójú tì mí lẹ́ẹ̀kan níwájú ọ̀gá, ohun tó bá sì ti dójú tì mí níwájú ọ̀gá kò lè gba 5 lọ́wọ́ mi láéláé, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ.

Kì í ṣe ChatGPT àtàwọn tó jọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń sọ. Àwọn mọ́dẹ́lì kéékèèké ni, ìyẹn fáìlì tó jẹ́ ọpọlọ AI, àwọn tó jẹ́ pé èèyàn á dáńlóòdù wọn sínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, á pa Wi-Fi, wọ́n á sì máa dáhùn lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bá a sọ, inú láptọ́ọ̀pù yẹn ló máa kú sí. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé iṣẹ́ tèmi, ìwé ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀sùn àwọn kọ́sítọ́mà, rípọ́ọ̀tù oṣooṣù, àkọsílẹ̀ mítíìnì, ká máa bẹ èèyàn kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ká tún un bẹ̀. Ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà sínú AI orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá a wí, torí ní 2023 àwọn òṣìṣẹ́ Samsung kan kó kọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ wọn sínú ChatGPT, ló bá di pé iléeṣẹ́ náà fòfin de irú AI bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Torí náà tó bá jẹ́ pé AI ni mo fẹ́, àfi èyí tí kò ní jáde nílé.

Gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà ò le tó bí mo ṣe rò. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà abàmì tó ní GPU ràbàtà nínú, ìyẹn ṣíìpù tó ń ṣe ìṣirò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, àfìgbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Georgi Gerganov gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ llama.cpp jáde lóṣù Kẹta ọdún 2023, táwọn èèyàn wá rí i pé CPU, ṣíìpù inú láptọ́ọ̀pù lásán, náà lè gbé e. Iṣẹ́ yẹn ni Ollama àti LM Studio, irinṣẹ́ méjì tí wọ́n fi ń lo mọ́dẹ́lì lórí kọ̀ǹpútà, gùn lé. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí yẹn lè lo Ollama, ìlà kan péré ni, ollama run, orúkọ mọ́dẹ́lì á tẹ̀ lé e, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ máa rí bọ́tìnnì àti àpótí téèyàn ń kọ̀wé sí, LM Studio ni kó gbà. Irú wọn míì ṣì wà. Mi ò ní sọ èyí tí mò ń lò o, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀ yìí, kò sí èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí nínú wọn.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣá, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ yín. Èmi bi tiwa. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dáhùn, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí èèyàn nínú níbi iṣẹ́ àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Mẹ́ta ni mo gbé wọlé, 1B, 4B àti 8B. B yẹn, bílíọ̀nù ni, iye nọ́ńbà tó para pọ̀ di ọpọlọ ẹ̀ ni wọ́n ń kà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè wọ́n ní Kékeré, Àárín àti Àgbà, mi ò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó bí wọn. Àwọn tó wà nígboro pọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó fúnra yín: Llama 3.2 ti Meta ní 1B àti 3B, Gemma 3 ti Google ní 1B àti 4B, Qwen3 ti Alibaba bẹ̀rẹ̀ láti 0.6B títí lọ sókè, Phi-4-mini ti Microsoft jẹ́ 3.8B. Kò sí èyí tí wọ́n ń gbowó kẹ́ ẹ tó dáńlóòdù ẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àdéhùn wọn ò rí bákan náà, Qwen3 wà lábẹ́ Apache 2.0, Phi-4-mini wà lábẹ́ MIT, méjèèjì ò ni èèyàn lára; Llama 3.2 àti Gemma 3 ní òfin tara wọn, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fi ṣòwò.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ kó tó wọ láptọ́ọ̀pù. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á gba bit 16, ìyẹn byte 2, bílíọ̀nù 4 lọ́nà 2, byte bílíọ̀nù 8, ìyẹn GB 8, ó ti jẹ láptọ́ọ̀pù ẹlòmíì tán. Wọ́n á wá fún nọ́ńbà wọ̀nyẹn títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi sún mọ́ bit 4, mọ́dẹ́lì 4B á wá di nǹkan bíi GB 2.5, 8B á di nǹkan bíi GB 5. Tẹ́ ẹ bá rí Q4_K_M lẹ́yìn orúkọ fáìlì, ohun tó ń sọ nìyẹn. Ọgbọ́n díẹ̀ ń jò dànù níbẹ̀ o, bí ìgbà tí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ síni lórí WhatsApp lẹ́yìn tó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá kọjá, àmọ́ èèyàn ṣì máa dá ojú ẹni tó wà nínú ẹ̀ mọ̀.

Àgbà ló gbọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí àríyànjiyàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé RAM láptọ́ọ̀pù mi, ìyẹn àyè tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, GB 8 péré ni, tí mo bá ti ṣí Àgbà tí mo tún ṣí Chrome àti Excel, gbogbo ẹ̀ á dì pa, fáànù á máa hó, ọfà kékeré tí mo fi ń tọ́ka nǹkan á máa fò láti ibì kan sí ibì kan bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ronú jinlẹ̀ ni. Irọ́ ni, ẹrù ló ń gbé. Ègé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ sọ, tí wọ́n ń pè ní token, ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo ara ẹ̀ látòkè délẹ̀ nínú RAM kó tó lè sọ ọ́. Ká ní RAM yín lè gbé GB 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́dẹ́lì tó jẹ́ GB 2.5 ò lè sọ ju token 16 lọ láàárín àkókò yẹn, èyí tó jẹ́ GB 5 ò lè kọjá 8, ìyẹn tí nǹkan míì ò bá bá a du RAM ọ̀hún. Kékeré ní tiẹ̀ yára bí àrá, ṣùgbọ́n ọmọdé ni, tẹ́ ẹ bá ní kó kọ ìlà méjì á kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ní kó má kí ẹnikẹ́ni á kí wọn kú àárọ̀, á béèrè àlàáfíà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí ohun tí wọn ò tíì ṣe, ìdí tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé á wá yọ orí díẹ̀ nísàlẹ̀. Torí náà Àárín ni mò ń bá ṣe láti ọ̀sẹ̀ kejì, òun ni gbogbo ohun tó kù yìí dá lé.

Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó bá mi pa ìbínú mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ẹ̀ka míì tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ni nọ́ńbà tí mo fi ń parí rípọ́ọ̀tù wà, kò sì sí oṣù tó máa kọjá tí mi ò ní bẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ̀bẹ̀ á fi sú mi. Lọ́jọ́ kan mo jókòó, mo tẹ ohun tó wà nínú mi gan-an fún Àárín: "Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mò ń bèèrè nǹkan kan náà, ṣé ẹ kì í ka ímeèlì ni àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, tí mi ò bá rí nọ́ńbà yẹn kí aago méjì tó lù lónìí orúkọ yín ni màá kọ sókè rípọ́ọ̀tù pé ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó parí." Mo ní kó bá mi sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Kò pẹ́ rárá, ó gbé e jáde, ọ̀rọ̀ náà sì tutù débi tí mo rẹ́rìn-ín nìkan níbi tí mo jókòó sí. Gẹ̀ẹ́sì niṣẹ́ wa, àmọ́ ohun tó sọ ò ju báyìí lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n rán yín létí nọ́ńbà tá a jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Inú wa á dùn tẹ́ ẹ bá lè fi ránṣẹ́ nígbà tí àyè bá yọ." Mo fi ránṣẹ́, ara mi balẹ̀. Àyè ò yọ fún ọ̀gbẹ́ni yìí títí di ọjọ́ kẹta.

Ẹ tún un kà, ẹ ó rí i pé aago méjì ti pòórá. Ó yọ ìbínú, ó yọ gbèdéke mọ́ ọn. Ohun tí mo wá kíyè sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà ni pé ohunkóhun tó bá ti dà bí ẹni ń paṣẹ, tẹ́ ẹ bá ti ní kó rọra sọ ọ́, á kà á mọ́ èébú, á gé e sọnù: ọjọ́, aago, iye owó, àbájáde tẹ́ ẹ ní ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba ímeèlì náà á wá gbà pé ẹ ò kánjú. Nísinsìnyí mo ní ìlà kan tí mo ti fi pamọ́ tí mo máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú gbogbo ohun tí mo bá gbé fún un, pé kó má fọwọ́ kan ọjọ́, aago, iye àti orúkọ, kó má sì fi ohun tí mi ò sọ kún un. Ó ń gbọ́ràn, kì í ṣe gbogbo ìgbà, àmọ́ èèyàn á tètè rí i torí ìlà mẹ́ta péré ni. Oṣù tó tẹ̀ lé e, tí aago méjì wà níbẹ̀ gbangba, aago kan kọjá ìṣẹ́jú àádọ́ta ni nọ́ńbà dé, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn, nọ́ńbà nìkan. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Kí n sì má parọ́, èrè tí mò ń jẹ níbẹ̀ ju ti ímeèlì lọ. Nígbà tí mo bá fi máa tẹ ohun tó ń hó nínú mi tán fún ẹ̀rọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò sì lè rò ó fún ẹnikẹ́ni, inú mi ti rọ̀. Mi ò jẹ́ tẹ irú ọ̀rọ̀ yẹn sínú ohunkóhun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ èèyàn ló kún inú ẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ẹ̀sùn àwọn kọ́sítọ́mà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo èyí tó wọlé lópin ọ̀sẹ̀ ti kó jọ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ pín in sí apẹ̀rẹ̀ márùn-ún: ìdádúró, owó, ọjà tó bàjẹ́, ìwà òṣìṣẹ́, àtàwọn tó kù. Ẹnì kan yẹn, èmi ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún Àárín, ó ń dá apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní "ìbànújẹ́ kọ́sítọ́mà", ó ní "ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì", ẹ ò rí nǹkan. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé èèyàn lè ká a lọ́wọ́ kò, ẹ máa to ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí sílẹ̀ fún irinṣẹ́ náà, kò sì ní lè sọ ohun míì yàtọ̀ sí ọ̀kan nínú wọn bó ti wù kó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó. Ẹ tún gbé temperature, nọ́ńbà tó ń pinnu bí ìdáhùn ẹ̀ ṣe máa ń yí padà tó, wálẹ̀ sí 0 kó má bàa máa yí ohùn padà. Látìgbà yẹn ni ọwọ́ mi ti fúyẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣì máa ń fojú yẹ gbogbo ẹ̀ wò, torí kò mọ ẹ̀dà ọ̀rọ̀. Ẹnì kan kọ̀wé pé ẹ ṣeun o, oṣù méjì péré lẹ fi gbé ẹrù mi dé, ẹ kú aápọn. Àárín ní apẹ̀rẹ̀ àwọn tó kù ló yẹ kó lọ. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kọ́sítọ́mà yìí ò fẹjọ́ sùn, ó ń dúpẹ́ ni.

Ó wá kan ọjọ́ ìtìjú.

Wọ́n gbé rípọ́ọ̀tù kan fún mi, ojú ewé 40, ọ̀gá ní òun fẹ́ àkópọ̀ ẹ̀ lójú ewé kan ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò fẹ́ kí wọ́n kà á, ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́ ò ní kà á, ẹnì kan láàárín ló máa jìyà ẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ pátá sínú Àárín. Ó gbé àkópọ̀ jáde, ó mọ́ tónítóní, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ní òpin, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ owó tó wà lójú ewé kẹta ńkọ́? Òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ ní kó o ṣe é." Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ó máa jẹ́ pé mo fò ó." Mo fò ó! Èmi tí mi ò ka ẹyọ ojú ewé kan níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, kẹ́ ẹ má bàa kó sínú ẹ̀. Lórí ìwé, Àárín lè gba ju token 100,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí i kà kí n tó dáńlóòdù ẹ̀, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí mo fi ń gbé e ti dín in kù sí 4,096 láti ilé torí RAM, nítorí pé gbogbo token tó bá wọlé ló ní àyè tó ń gbà lọ́tọ̀ lẹ́yìn àyè tí mọ́dẹ́lì fúnra ẹ̀ ti gbà. Token 4,096 ò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 3,000 lọ, ojú ewé mẹ́fà nìyẹn tàbí kó fi díẹ̀ lé. Ìwé mi jẹ́ 40. Ó gé iwájú ẹ̀ sọnù, ó ka ìrù, ó sì kọ àkópọ̀ ìrù fún mi pẹ̀lú ìgboyà, kò sọ pé ẹ jọ̀ọ́ mi ò rí ibẹ̀rẹ̀ ìwé yín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dùn mí, kì í ṣe gígé tó gé e. Excel tí ò dáa tó báyìí, tí nǹkan ò bá wọ àpótí ẹ̀, á fi ##### hàn yín. Àárín ò fi nǹkan kan hàn.

Mo ti wá mọ ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà yẹn pa dà, num_ctx ni wọ́n ń pè é níbì kan, "context length" níbòmíì. Mo gbé e sí 16,000, RAM kún, láptọ́ọ̀pù dákú. Ó kù kí n máa gé ìwé sí orí sí orí, kí n máa gbé e fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa kó èsì jọ. Tí mo bá fi máa ṣe ìyẹn tán mo ti ka ìdajì ìwé náà fúnra mi láìmọ̀. Àǹtí kan tó jókòó sí tòsí mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, kí ni ì bá ṣe ẹ́ ká ní o kà á tààrà?" Mi ò lésì.

Mítíìnì wá ńkọ́? Whisper tí OpenAI gbé jáde ní 2022, òun náà lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, á yí ohùn sí ọ̀rọ̀, Àárín á wá kó o jọ. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ ń gbà á sílẹ̀ o. Ó dáa tó, kò dáa jù. Ìṣòro tí mo bá pàdé ni pé Àárín ò fẹ́ràn àlàfo, mo ní kó to ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó máa parí ẹ̀, ó sì wá ọjọ́ fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dá ọjọ́ fún, ó ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn bínú sí mi dọ́ba. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún irú ẹ̀, ẹ sọ fún un pé níbi tí wọn ò bá ti dá ọjọ́, kó kọ ọ́ gbangba pé wọn ò dá ọjọ́.

Yorùbá ńkọ́, mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́. Àárín ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni tó gbọ́ ọ láti yàrá kejì, ó mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kò mọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Mo ní kó bá mi tún ìwé kékeré kan kọ pé ọkọ̀ tó ń kó ọjà bọ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà, ó kó àmì ohùn ibẹ̀ dànù, ló bá di ọkọ tó bàjẹ́ lọ́nà. Kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló fà á. Ohun tó fi kọ́ ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti Yorùbá kéré, èyí tó sì wà, wọn ò fi àmì sí púpọ̀ nínú ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń tẹ ẹ́. Ẹ tún wo ọ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó dúró fún un nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà táwọn kọ̀ǹpútà ń lò, ọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ kí wọ́n tó gbé àmì lé e lórí, torí náà ọ̀rọ̀ kúkúrú tiwa á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á máa jẹ token tí Gẹ̀ẹ́sì ò jẹ tó bẹ́ẹ̀, 4,096 tí ò tó tẹ́lẹ̀ á tún wá kéré sí i. Fún Yorùbá, máàkì tí mo fún un ò tó 1.

Ìṣirò, ẹ má dán an wò. Mo ní kó ro nọ́ńbà méjìlá pọ̀, ó rò ó, kò gbà á, mo ní kó tún un rò, ó tọrọ àforíjì, ó tún mú irọ́ míì wá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó kọ fọ́múlà Excel tó máa ṣe ìṣirò náà fún yín, ìyẹn á dáa lọ́pọ̀ ìgbà, Excel á sì rò ó bó ṣe yẹ. Mo fi yanjú kọ́lọ́ọ̀mù kan táwọn èèyàn ti kọ déètì sí ní oríṣi márùn-ún, èyí tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá. Àwọn mọ́dẹ́lì kan tún wà tó máa ń dá ro ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó dáhùn, ẹ kí wọn lásán, wọ́n á ronú ojú ewé kan lórí bóyá kí wọ́n kí yín padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìrònú yẹn. Bátìrì ń tètè kú. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó lè kúrò nínú RAM, ẹ ó dúró kó tún padà wọlé. Irinṣẹ́ míì sì ti ń fi mọ́dẹ́lì tó wà lórí sáfà ẹlòmíì, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kún àwọn tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, orúkọ wọn jọra, torí náà ẹ pa Wi-Fi lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń dáhùn kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ àṣírí fún un.

Báwo ni mo ṣe wá ń lò ó báyìí? Ohun tí ojú mi lè yẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú kan nìkan ni mò ń gbé fún un. Ímeèlì ìlà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀sùn tí mo lè kà fúnra mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ tó jù ú sí, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé tí mi ò kà, rárá, ìbéèrè tí mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀, rárá, torí kò sí bí mo ṣe máa mọ̀ tó bá ń purọ́, ohùn kan náà ló fi ń sọ òótọ́. Ẹni tó bá ní RAM 16 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á gbádùn Àgbà jù mí lọ, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ní àṣírí kankan, tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì dáa, mi ò rí ìdí tó fi máa fi èyí da ara ẹ̀ láàmú.

Mo ti yọ Àgbà kúrò, fáìlì ẹ̀ ń gbàyè. Mo fẹ́ yọ Kékeré náà, àfi bí àǹtí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe yọ́ wá bá mi nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tó ń bá ẹ fọ ìbínú yẹn, ṣé ó lè gba tèmi náà?" RAM 4 GB ni láptọ́ọ̀pù tiwọn, Kékeré nìkan ló lè wọ ibẹ̀. Mo gbé e sí i fún wọn, mo sì kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀. Wọ́n tẹ nǹkan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò wo ohun tí wọ́n tẹ, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó kí wọn kú ìrọ̀lẹ́, ó béèrè àlàáfíà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún gbogbo iṣẹ́ takuntakun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n kà á dópin, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Kò dáhùn ohun tí mo bi í o, ṣùgbọ́n má yọ ọ́."